Nígbà tí ìfun bá wọ inú ìfun lára àgbàlagbà: ohun tó ń fà á àti bí dókítà ṣe ń dá a mọ̀

Intussusception ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rí, tí apá kan rẹ̀ ká wọ inú apá kejì, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Apá kan ìfun á ki ara rẹ̀ bọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, á sì wọ́ awọ ọlọ́ràá tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá dání. Ọ̀nà oúnjẹ á dí, ṣùgbọ́n ibi tí ewu wà gan-an ni awọ tó há sáàárín yẹn. Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà ló kọ́kọ́ ń fún pa. Ìfun á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa sun sínú rẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní ráyè wọlé mọ́. Apá ìfun náà á kú, ó lè lu, kí ìgbẹ́ sì tú sínú ikùn.

Àwọn ọmọ kéékèèké ló sábà máa ń ṣe. Nínú 100 tó bá ní in, bíi 5 péré ló jẹ́ àgbàlagbà. Lára ọmọdé, a kì í sábà rí ohun tó fà á. Lára àgbàlagbà, 7 sí 9 nínú 10 ló ní nǹkan kan nínú ìfun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn náà, kókó ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìfun a máa fún, a sì máa dẹ̀, láti ti oúnjẹ síwájú. Tí kókó bá yọ lára ògiri rẹ̀, á máa tì í bí ẹni ti òkèlè. Kókó náà kò lè já, nítorí náà á wọ́ ògiri tó so mọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Nínú ìfun kékeré, èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe jẹjẹrẹ: kókó ọ̀rá, pólípù (ẹran kékeré tó hù sára ògiri ìfun), àpò kékeré tí wọ́n bí mọ́ àwọn kan, tàbí ojú iṣẹ́ abẹ àtijọ́ tó mú ìfun lẹ̀ mọ́ra. Jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn ràn wá náà lè fà á. Ẹni tó ní àmì dúdú wínníwínní létè àti nínú ẹnu láti kékeré, tí irú rẹ̀ sì wà nínú ẹbí, kí ó sọ fún dókítà, torí pé àìsàn àjogúnbá kan tó ń hu pólípù sínú ìfun máa ń fi àmì bẹ́ẹ̀ hàn. Ti ìfun ńlá yàtọ̀. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí dókítà fura sí. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn kí wọ́n lè dín ìsanra kù, pàápàá àwọn obìnrin, lè ní in lẹ́yìn ọdún mélòó kan, níbi tí wọ́n ti rán ìfun pọ̀.

Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé àwọn ń rí irú kan lára àgbàlagbà, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá ti ń wọ inú apá tó tẹ̀ lé e, láìsí kókó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tó ń mú kó ṣòroó dá mọ̀ ni pé inú rírun náà lè máa wá, kó máa lọ, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Èébì, inú wíwú àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lè bá a rìn. Wọ́n á ní úlsà ni, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí inú ń run, tó ń bì, tí kò sì lè só, kò gbọdọ̀ mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí oògùn ìyàgbẹ́ kankan. Ìfun tó ti dí ni yóò túbọ̀ máa tì. Ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ́síréè lè fi hàn pé ìfun dí, àmọ́ kì í sábà sọ ìdí. Ọ̀tọ̀ ni ti síkáànì tí wọ́n ń fi gẹ́ẹ̀lì pa ikùn fún: ó lè fi òrùka inú òrùka hàn, bí àlùbọ́sà tí a gé sí méjì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun tó wú máa ń bò ó. Síkáànì CT, ẹ̀rọ tó ń fi ẹ́síréè ya inú ara ní ìpele-ìpele, ló dára jù. Òrùka wọ̀nyẹn á hàn, ọ̀rá àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ìfun wọ́ wọlé á sì hàn láàárín wọn. Èyí ni kókó lásán kì í ní. Oògùn tí wọ́n ń fa sí iṣan kí àwòrán lè mọ́ ló mú kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín wò ṣáájú. Fún aláboyún, síkáànì onígẹ́ẹ̀lì tàbí MRI (ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò. Bó bá jẹ́ ìfun ńlá, tí kò sì jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n lè ti kámẹ́rà gba ihò ìdí wọlé kí wọ́n sì gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò.

CT tí wọ́n ṣe fún nǹkan mìíràn lè ṣàdédé fi ìfun-nínú-ìfun tó kúrú hàn, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 3.5, láìsí kókó, láìsí dídí. Irú ìyẹn sábà máa ń tú fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í kánjú la ikùn nítorí rẹ̀.

Fún ọmọdé, wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ tàbí omi gba ihò ìdí tì í padà. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, torí pé kókó tó fà á ṣì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni. Tó bá jẹ́ ìfun ńlá, oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń gé apá náà pọ̀ láìkọ́kọ́ fa ọ̀kan yọ kúrò nínú èkejì, kí jẹjẹrẹ má baà fọ́n ká. Apá tí wọ́n gé á lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ béèrè èsì rẹ̀, ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́, nítorí òun ni yóò sọ bóyá ìtọ́jú mìíràn ṣì kù.