Ta Ni Àlejò ní Louvre? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Múra Ìgbafẹ́ Lọ sí Párísì

Láti ọjọ́ 14, oṣù Kìíní, ọdún 2026, ni Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lókìkí jù lọ ní Párísì, ti ń gba yúrò 32 lọ́wọ́ àlejò tó bá ti òkèèrè wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ń san yúrò 22. Kí ìròyìn náà tó dé Ìlọrin, ó ti yàtọ̀ sí bó ṣe kúrò nílé: àwọn kan ní aláwọ̀ dúdú ni wọ́n bu owó lé, àwọn mìíràn ní owó físà ló gbówó lórí. Ìbéèrè àwọn tó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Párísì láti wo àwòrán, ère àti ilé àtijọ́ ni mo kó jọ síhìn-ín.

Ṣé nítorí àwọ̀ wa ni?

Rárá. Ìwé ìrìnnà tí ènìyàn mú dání àti ibi tó ń gbé ni wọ́n ń wò. Ará Amẹ́ríkà, ará Ṣáínà àti ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ń san 32 bíi tiwa. Àwọn tó ń san 22 ni ọmọ tàbí olùgbé orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú àjọ náà, pẹ̀lú Iceland, Norway àti Liechtenstein. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀fà tó ní ìwé ìgbélùú ní Jámánì yóò san 22, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ilé wá kí i yóò sì san 32, bí wọ́n tilẹ̀ jọ tò sórí ìlà kan náà tí ilà ojú wọn sì jọra.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹni tó bá ti rán ọmọ lọ sí yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn mọ̀ pé owó ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí owó àlejò. Ní Taj Mahal, ibojì àtijọ́ tó lókìkí ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ onílẹ̀ ń san rúpì 50, àlejò láti òkèèrè ń san 1,100, kí àwọn méjèèjì tó fi 200 mìíràn kún un bí wọ́n bá fẹ́ wọ inú ibojì náà gan-an. Tí a bá fi ti Íńdíà wé e, àwọn Faransé ṣì ṣàánú wa.

Ṣé olè tó jà ní Louvre ló fa àfikún owó yìí?

Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, àwọn olè fi ọkọ̀ tó ní àkàbà gun fèrèsé Louvre ní ojúmọmọ, wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ mẹ́jọ tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 88 yúrò, wọ́n sì ti lọ kí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó pé. Ṣùgbọ́n oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ti kéde pé àlejò òkèèrè yóò máa san ju ará ilé lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gun àkàbà kankan. Ilé náà ti gbó, omi ń jò sínú rẹ̀, èrò sì ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà onígíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ ní ọdún 1989, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin àlejò lọ́dún ni wọ́n ní lọ́kàn; ní ọdún 2024, mílíọ̀nù 8.7 ló gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n fẹ́ ṣí ẹnu ọ̀nà tuntun, kí wọ́n sì ya iyàrá ọ̀tọ̀ fún àwòrán Mona Lisa. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ti rí ẹni tí yóò bá a ra páànù.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kì í san kọ́bọ̀, ibi yòówù kó ti wá.

Ṣé kí a fagi lé ìrìnàjò náà nítorí owó yìí?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tí wọn kò tíì pé ọdún 18 yóò san yúrò 64 dípò 44, ogún yúrò ni àfikún rẹ̀ jẹ́ fún gbogbo ilé. Físà Schengen nìkan, ìyẹn físà tí a fi ń wọ ilẹ̀ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà kan, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ fún un. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó lè gbé ẹrù ìtọ́jú ìlera tó tó yúrò 30,000 tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Èkó tàbí Àbújá láti lọ tẹ ìka, kí a má tíì dárúkọ owó bàálù. Owó ata là ń bá jà, a gbàgbé owó ẹran.

Ṣé wọ́n ń gba owó ní Lọ́ńdọ̀nù náà?

Ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wíwo àwọn ohun tó wà níbẹ̀ títí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wo orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 kò ní sanwó ní ẹnu ọ̀nà. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sanwó fún, nítorí pé ti Schengen kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó ńlá sì ni láti fi lọ kí ìbátan ẹni.

Báwo ni kí n ṣe pín ọjọ́ mẹ́ta?

Ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ló ń ba ètò jẹ́ ju owó lọ. Louvre kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí àwa ń pè ní Àtàláátà. Orsay, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ní Párísì, kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá dé ní ọjọ́ Ajé tó sì fẹ́ padà ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, lè fi ọjọ́ méjì wo ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa rìn ní agbègbè kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó mọ Ìlọrin, bó bá ti gun Òkè Sóbì láàárọ̀, Òkèléle ni yóò yà sí láti wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dàda, kó tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ààfin Ẹ́míà àti mọ́ṣáláṣí ńlá. Kò ní lọ sí ààfin kó tún padà sí Sóbì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe ní Párísì. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ wọ Louvre láàárọ̀, kí ẹ gba inú ọgbà Tuileries jáde, ó parí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ti tó fún ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ yín yóò jẹ́rìí. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Orsay ní òdìkejì odò Seine. Ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọdún 1900 ni, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1986. Ará Ọ̀fà tó mọ ohun tí ọkọ̀ ojú irin ṣe fún ìlú rẹ̀ yóò dúró pẹ́ níwájú aago ńlá tó ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame, èyí tó jóná ní 2019 tí wọ́n sì tún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé rẹ̀.

Ní ti Mona Lisa, ẹ má retí ohun ràbàtà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 77, ìbú rẹ̀ 53, kò fi bẹ́ẹ̀ ju kàlẹ́ńdà ńlá tí wọ́n ń pín níbi òkú àgbà lọ. Ó wà lẹ́yìn gíláàsì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì na fóònù sókè síwájú rẹ̀. Èmi yóò kí i, n ó sì kọjá.

Kí ni kí a máa bẹ̀rù?

Àwọn gbéwiri ni àkọ́kọ́, ibi tí èrò bá ti pọ̀ ni ọjà wọn. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni rí òrùka wúrà nílẹ̀ níwájú yín, tó ní ti yín ni, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lè ti wà nínú báàgì yín. Orí ìkànnì Louvre fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú wákàtí tí ẹ óò wọlé. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó dúró sí títì. Ẹ má sì fi Louvre sí ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 tí ilẹ̀kùn fi tì mọ́ àlejò lójú.

Bí wọn kò bá fún mi ní físà ńkọ́?

Yúrò 90 yẹn ti lọ. Nítorí náà, òtẹ́ẹ̀lì tó máa dá owó padà ni kí ẹ gbà, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan kí físà tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Èsìẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní ọdún 1945. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jókòó, àwọn kan di idà mú, orí àwọn mìíràn sì ti kán. Àwọn olè àgbáyé kò fojú kékeré wò wọ́n, nítorí náà ni àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ICOM, ṣe kọ wọ́n sínú ìwé pupa àwọn ohun àtijọ́ Áfíríkà tó wà nínú ewu, pẹ̀lú ère Nok àti ti Ifẹ̀. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ ka ilà ojú rẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe di irun rẹ̀ lé orí. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ìgbọ̀nwọ́ tì yín. Ìtàn ìlú náà ní àlejò ni gbogbo wọn nígbà kan rí, kí wọ́n tó di òkúta. Ìtàn náà kò sọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ní ẹnu ọ̀nà.