Iná Ni Kí Ẹ Bi Kí Ẹ Tó Pe Ayé Lẹ́jọ́

Ẹ okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé kọ́tìnnì mẹ́rin wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Kàbbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ó ní aró tí òun rà lọ́wọ́ mi kò dára. Ó rẹ kọ́tìnnì nílé, ó sì rí ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi omi ẹ̀wà ṣàn. Kí n tó la ẹnu, ó ti fi kún un pé ọ̀rẹ́ òun kan wọlé nígbà tí òun ń po aró lọ́wọ́, ó kí òun kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a lójú pé ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló ba aró jẹ́.

Mo já fọ́nrán kan létí kọ́tìnnì náà, mo ṣá iná sí i. Ó súnkì, ó yọ́, ó di kókó dúdú ródóródó bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń rùn bí ike tó jóná. Pólíẹ́sítà ni, fọ́nrán oníke. Ọ̀rẹ́ tó kí i kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ẹni kẹrin rèé lóṣù yìí nìkan, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Owó ọjà ti le, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rí i pé ìrọ̀rí àga méjì tí a fọwọ́ ara wa rẹ dùn mọ́ ìyàwó tuntun nínú ju abọ́ ike tí àlejò mẹ́wàá mìíràn náà ń gbé bọ̀. Aṣọ tábìlì, aṣọ tí a fi ń di ẹ̀bùn, kọ́tìnnì, aṣọ tí a fi igi kọ́ sára ògiri pálọ̀: gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe látara bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun tó ti ya láàrin. Etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kì í gbó bí àárín. Ẹ gé àárín dànù fi nu ilẹ̀, ẹ fi etí ṣe ìrọ̀rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìṣẹ́ ló ń fa irú nǹkan báyìí. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń sin àgbà ìjòyè, bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ti ọsibítù ni wọ́n ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán kí wọ́n tó fi òwú rẹ̀ hun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì aláìsàn di aṣọ ọlá. Ní Ọ̀gìdì nínú Ìjùmú níbí náà ni wọ́n bí Mama Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláṣọ àdìrẹ, ní 1951, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ aṣọ, ayé sì mọ̀ ọ́n lónìí. Ilé wa ni iṣẹ́ yìí wà, a kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nípa bí a ṣe ń di aṣọ kí a tó rẹ ẹ́, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ kó ẹ̀wà tàbí òkúta wẹẹrẹ sínú aṣọ, ẹ fi ìko dì í pinpin, ẹ rì í, ẹ yọ ọ́, ẹ tú u. Ẹni tó bá fẹ́ ti àbẹ́là, kó yọ́ àbẹ́là, kó fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é. Aṣọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Aró oníyẹ̀fun tí a ń lò báyìí, òwú nìkan ló ń gbà á dáadáa. Bí sódà (kọ́sítíìkì) àti háídírọ̀, kẹ́míkà méjì tí a ń pò mọ́ aró, bá ti yọ́ aró yẹn sínú omi, ó máa wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Tí a bá yọ aṣọ síta, atẹ́gùn á bá a nínú fọ́nrán, á dì síbẹ̀, kò ní lè jáde mọ́. Fọ́nrán pólíẹ́sítà kò ní ilẹ̀kùn tí irú aró bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé. Òde ara rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́, ọṣẹ àkọ́kọ́ á sì gbé e lọ. Aró mìíràn wà fún pólíẹ́sítà, ooru púpọ̀ ló sì ń fẹ́.

Nítorí náà, ẹ sun fọ́nrán. Ẹ já a létí aṣọ, ẹ fi ìṣáná sí i lórí abọ́ irin. Òwú máa jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á di ìyẹ̀fun. Pólíẹ́sítà á yọ́, á di kókó líle. Èyí tí wọ́n pò mọ́ra á jó, á sì tún ní kókó nínú eérú. Aró á mú un, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, kò ní dúdú. Sílíìkì àti irun àgùntàn a máa rùn bí irun tó jóná, ẹ má gbé ìyẹn sínú sódà rárá, á jẹ ẹ́ run. Oníṣọ̀ọ́bù á búra fún yín pé òwú pọ́ńbélé ni. Ẹ jẹ́ kó búra tán, kí ẹ wá ṣá iná. Mo ti sun fọ́nrán aṣọ ní ìsọ̀ ènìyàn kan ní Ìsánlú, wọn kò kí mi mọ́ títí di òní, mi ò sì pàdánù nǹkan kan.

Ìkejì, aṣọ tuntun máa ń ní ìtáṣì lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó rì í sínú aró, ẹ kán omi kan sí i. Bí omi náà bá dúró tónítóní bí omi orí ewé kókò, ìtáṣì ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Bí ó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ó ti yá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí kó tó wọ̀ yín létí. Ìdajì àbàwọ́n tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ ọ̀tá, ìtáṣì ni.

Tí ẹ bá yọ aṣọ kúrò nínú aró aláwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ ewé lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ má pariwo. Ẹ na án sí atẹ́gùn, ẹ dúró wò ó: láti etí ni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, títí gbogbo rẹ̀ á fi di búlúù. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń yá kíákíá, ó sì máa ń wù mí wò bí ẹni tí kò rí i rí. Tí kò bá yọ ní àwọ̀ ewé mọ́, ẹ wò bóyá háídírọ̀ yín ti gba ọ̀rinrin. Ike rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pinpin. Èyí tí ẹ ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá ti kú.

Àwọn kan wà báyìí lórí fóònù, àwọn ọmọ tí kò tíì rẹ yáàdì mẹ́wàá láyé wọn, tí wọ́n ń ta “omi adáró dúró.” Mo ra ìgò kan láti mọ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ wò: ọtí kíkan àti iyọ̀ ni. Iyọ̀ kò lè di aró tó ti ń ṣí tẹ́lẹ̀ mú lára òwú. Aró tó ń ṣí, èyí tó kù sórí aṣọ ni. Ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbé e lé àga funfun àna yín.

Mi ò bú àwọn ìyá àgbà tó ń bọ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, tí wọn kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn ṣí ìkòkò aró. Ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n ń lò, aró wọn ń kan, ohun tó wà láàyè ni. Òtútù lè bà á jẹ́, ọwọ́ tó dọ̀tí lè bà á jẹ́. Èèwọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí a rà lọ́jà kò mọ ẹni tó kí yín kú iṣẹ́.

Sódà nìkan ni kí ẹ bẹ̀rù. Inú omi ni kí ẹ máa bu sódà sí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí láé, nítorí á hó, á sì ta sí yín lójú. Ẹ má gbé e sínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù, á jẹ ìkòkò náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìwọ̀nyí rí.

Kí n wá sọ èyí tí ẹ kò gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bẹ̀ mí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn kí n fún òun ní omi sódà tó ṣẹ́kù, ó fẹ́ fi se ọṣẹ fún ìyá rẹ̀. Ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan wà nílẹ̀, òfìfo. Èmi ni mo da omi sódà náà sínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Ó gbé e lọ sílé, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ibi eré wọlé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Omi sódà kò ní àwọ̀. Ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá àgbà ilé náà ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀: ó da epo pupa sí i lẹ́nu kó lè bì. Ọmọ náà sì bì. Dókítà tó gbà á sọ fún wa pé sódà jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ, ó sì tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ojú egbò yẹn fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀. Wọ́n lu ihò sí ikùn rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí i, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Oṣù mẹ́jọ kọjá kó tó lè gbé ògì mì. A lọ, a bọ̀, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, mi ò lè ka iye ìgbà. Àwọn òbí rẹ̀ kò bú mi rí. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé yín: ẹ fi omi fọ ẹnu ọmọ náà, ẹ bọ́ aṣọ tí sódà bá kàn, ẹ da omi púpọ̀ sí ara tó bá kàn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ike náà dání kí dókítà rí i. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní ẹyin, ẹ má fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun.

Inú àpótí irin ni sódà mi wà báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ bí a ṣe ń rẹ ìrọ̀rí lọ́dọ̀ mi, kó mú yáàdì òwú méjì wá tó ti sun fọ́nrán rẹ̀ wò, kó mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ike òfìfo, kó fi í sílé.