Olórin ajàfẹ́tọ̀ọ́ di mínísítà: kí ló dé tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀?

Ìbéèrè: Peter Garrett, akọrin rọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ Midnight Oil ní Ọsirélíà, bá ọ̀rọ̀ núkílíà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó di mínísítà fún àyíká tán, òun náà ló buwọ́ lu ibi ìwakùsà yuréníọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe núkílíà. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Òfin ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Labor, ló dè é. Four Mile ni wọ́n ń pe ibi ìwakùsà yẹn; 2009 ló buwọ́ lù ú. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2007, ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Labor ti dìbò pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìwakùsà yuréníọ̀mù tuntun. Garrett ta kò ó níbẹ̀, ìbò gbé e ṣubú. Ìpinnu ẹgbẹ́ sì de gbogbo aṣòfin Labor. Ẹni tó bá dìbò lòdì sí i nílé aṣòfin, wọ́n lè lé e. Ohun tó kù fún un ni kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lójú tiwa, ó yẹ kó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tí ìlú ń gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí kò yẹra fún ẹgbẹ́ ńlá?

Ìdáhùn: Ó dán an wò. Ní 1984 ó díje fún ilé aṣòfin àgbà ní ìpínlẹ̀ New South Wales lábẹ́ Nuclear Disarmament Party, ẹgbẹ́ kékeré tó ń ta ko ohun ìjà núkílíà. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni ìjókòó kan ń gbà, 9.6 ló rí. Lọ́hùn-ún, olùdìbò máa ń to àwọn olùdíje ní 1, 2, 3. Bí ìbò kò bá wúlò mọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, a bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Labor darí irú ìbò bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tiwọn sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, Garrett sì pàdánù. Ní 2004, ẹgbẹ́ Labor yìí kan náà ló bá wọlé, láti Kingsford Smith ní Sydney.

Ìbéèrè: Olórin Ọ̀fà tó fẹ́ lọ ṣe aṣojú-ṣòfin l'Ábújá ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò sí olùdíje adádúró ní Nàìjíríà. Abala 65 òfin ìpìlẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀, kó pé ọdún 25, kó sì kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán. Fẹlá dá ẹgbẹ́ òṣèlú Movement of the People sílẹ̀ fún ìbò 1979. Wọn kò gbà láti forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ìbò abẹ́nú ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Èrò tó ń jó níwájú pèpéle kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò lè gbè é níbẹ̀. Ìjókòó Ọ̀fà sì kó Ọ̀yun àti Ìfẹ́lódùn mọ́ra: wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ní Ẹrin-Ilé, ní Ìgbàjà àti Sàárẹ́. Olólùfẹ́ rẹ̀ tó ti kó padà wálé, tí ìforúkọsílẹ̀ ìbò rẹ̀ ṣì wà ní Ìlọrin tàbí Èkó, kò lè dìbò fún un àfi tó bá tètè gbé e wálé kí àjọ INEC tó ti ìwé. Kí olórin náà sì ti sọ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́, kó tó ra fọ́ọ̀mù, ohun tí òun kò ní buwọ́ lù.