Òjò Kọ́ Ló Ń Ba Kòkó Jẹ́

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó ní Àkúrẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ ó gbọ́ ọ: "Òjò ọdún yìí pa wá o." Ẹni tó wá láti Ìdànrè, ẹni tó wá láti ọ̀nà Oǹdó, ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Òjò pọ̀, kòkó sì dú. Tí ẹ bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe sí i, wọ́n á ní ta ló lè bá òjò jà?

Ìbéèrè yẹn ló ń kó àgbẹ̀ sí gbèsè. Tó bá jẹ́ pé òjò ló ń pa kòkó lóòótọ́, kò sí ohun tó kù ju ká ká ọwọ́ lẹ́rán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn, èso ọ̀kan ti dú tán, ti èkejì ṣì le koko. Ẹ tún wo igi kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀ òjò: lọ́pọ̀ ìgbà, èso tó sún mọ́ ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kó tó máa gun òkè. Orí igi sì ni òjò kọ́kọ́ ń bà.

Ohun ẹlẹ́mìí kan ló ń ṣe é, ojú lásán kò lè rí i. Phytophthora ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìbátan rẹ̀ kan ló ba ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ ní Ireland láti ọdún 1845, tí ìyàn mú, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn fi kú. Èyí tó ń bá kòkó tiwa jà pín sí méjì. Phytophthora palmivora wà káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Èkejì, megakarya, Áfíríkà nìkan ló wà, òun ló sì burú jù. Ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ méjì, Brasier àti Griffin, yà á sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fún un lórúkọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n rò pé irú kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ló gba àwọn onímọ̀ láti òkè òkun lálejò ní Gàmbàrí nítòsí Ìbàdàn láwọn ọdún 1970. Wọ́n tọ àrùn yìí lẹ́sẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí igi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé ìwádìí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó po oògùn lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wúlò jù tí wọ́n bá bọ̀ ni pé wọ́n mọ ibi tí ọ̀tá ń gbé.

Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, megakarya á fara pamọ́ sínú erùpẹ̀ àti gbòǹgbò igi. Tí òjò bá ta sílẹ̀, erùpẹ̀ á ta sókè mọ́ èso ìsàlẹ̀. Ohun kékeré náà nírù, á wẹ̀ nínú omi tó wà lára èso náà títí á fi ráyè wọlé. Òjò kàn jẹ́ ọkọ̀ tó wọ̀ ni. Èèrà náà ń gbé e: àwọn tó máa ń fi erùpẹ̀ kọ́lé sára èso, láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ru erùpẹ̀ ọ̀hún gòkè.

Àmì kékeré bí orí abẹ́rẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ṣokoléètì. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì ó ti bo gbogbo èso náà. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò rọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á hù sí i lára. Ìyẹ̀fun yẹn gan-an ni irúgbìn àrùn, àìmọye rẹ̀ ló sì wà lára èso kan ṣoṣo, tí òjò tó ń bọ̀ á tún fọ́n sára àwọn tó wà nítòsí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè dán an wò nílé. Ẹ mú èso kòkó méjì tó dára. Ẹ fi owú tútù lé ọ̀kan. Ẹ fi owú tútù lé èkejì náà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi èèpo kékeré láti ara èso tó dú sábẹ́ rẹ̀. Ẹ di olúkúlùkù sínú ọ̀rá tirẹ̀. Omi ba àwọn méjèèjì. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rí èyí tó ń dú.

Ohun tó ń dùn mí jù lóko ni ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ ń ṣe. Á rí èso dúdú, á fi àdá bẹ́ ẹ, á jẹ́ kó bọ́ sí ìdí igi, á sì kọjá lọ. Ó ti dá a padà sílé. Òkìtì èèpo tí a fi sílẹ̀ láàárín oko lẹ́yìn tí a ti fọ́ kòkó tán, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Kíká èso dúdú kúrò lóòrèkóòrè nígbà òjò, kíkó o jáde lóko tàbí rírì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí igi, gígé ẹ̀ka tó dí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí ara èso sì tètè gbẹ: iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni nìyẹn. Òun sì ni ìpìlẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fín oògùn kòkòrò sí i, irú Gamalin 20 àtijọ́ tí wọ́n ti fòfin dè. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó ni ìyẹn wà fún, kò kan àrùn yìí rárá. Oògùn tó ní kópà nínú, ààbò ló jẹ́. Kò lè jí èso tó ti dú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ sí fín ín nígbà tí èso ṣì kéré tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń tún un fín bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí, nítorí òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó dúró di oṣù kẹsàn-án kó tó gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn, owó ló ń dà sílẹ̀.

CRIN ní ẹ̀ka ní Owénà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, ẹ lè lọ bá wọn pẹ̀lú èso tó ń rú yín lójú. Tí oko ẹni tó bá yín pààlà bá sì kún fún èso dúdú, ẹ bá a sọ ọ́ kí òjò tó dé, kí ẹ jọ kó o kúrò.