Pọ́tífólíò Olùkọ́ Ìṣègùn

Pọ́tífólíò olùkọ́ ìṣègùn ni àkójọ ẹ̀rí tí dókítà tàbí onímọ̀ ìlera mìíràn tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó máa ń ṣà jọ láti fi hàn irú iṣẹ́ ìkọ́ni tó ti ṣe, bó ṣe ṣe é, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ó yàtọ̀ sí CV, nítorí pé CV kàn ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ni, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá sọ nínú pọ́tífólíò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga ní yunifásítì ló sábà máa ń béèrè fún un, pàápàá ní Àríwá Amẹ́ríkà.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà (CAUT) wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí irú àkójọ yìí, ní nǹkan bí ọdún 1980. Ní ọdún 1990, Ernest Boyer ti àjọ Carnegie, tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìkọ́ni ní Amẹ́ríkà, jiyàn pé ìwádìí nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, pé ìkọ́ni náà wà lára rẹ̀. Ní 1997, Charles Glassick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ kan náà fi òṣùwọ̀n mẹ́fà lélẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: àfojúsùn tó dájú, ìmúrasílẹ̀ tó péye, ọ̀nà tó bá iṣẹ́ mu, àbájáde tó ní láárí, ìgbékalẹ̀ tó yé ni, àti àròjinlẹ̀ olùkọ́ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Nínú ìpàdé kan tí AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, ṣe ní 2006, wọ́n fẹnu kò lórí ìsọ̀rí márùn-ún: ìkọ́ni fúnra rẹ̀, ṣíṣe ètò ẹ̀kọ́, títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, ìdarí ètò ẹ̀kọ́, àti dídíwọ̀n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Kò pọn dandan kí olùkọ́ kan ní iṣẹ́ nínú márààrún. Nínú èyí tó bá yàn, a ó wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó, bó ti dára tó, àti bóyá ó lo ìmọ̀ tí àwọn mìíràn ti fi sílẹ̀, tó sì fi tirẹ̀ kún un. MedEdPORTAL, tí AAMC dá sílẹ̀ ní 2005, wà lára ibi tí olùkọ́ ti lè tẹ ohun èlò ìkọ́ni jáde lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ inú wọ́ọ̀dù

Apá yìí ló ṣòro jù láti kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ, bẹ́ẹ̀ òun náà ló gba èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ olùkọ́ ìṣègùn. Iye akẹ́kọ̀ọ́ a máa yí padà, ohun tí wọn yóò sì kọ́ lọ́jọ́ kan dúró lórí aláìsàn tó bá wà ní bẹ́ẹ̀dì. Bí àpẹẹrẹ, bí dókítà àwọn ọmọdé bá ń kọ́ àwọn dókítà tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́, kíkọ ọ́ pé òun kọ́ wọn kò ju ìlà kan nínú CV lọ. Ìgbìmọ̀ yóò fẹ́ rí iye ènìyàn tó kọ́ àti wákàtí tó lò. Ìwé tó fi ń sàmì bóyá akẹ́kọ̀ọ́ rí àlàfo eegun tó yẹ, tí kò sì ba ìmọ́tótó abẹ́rẹ́ jẹ́. Èsì wọn ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àti ohun tí olùkọ́ yí padà nígbà tó rí i pé bí wọ́n ṣe ń di ọmọ náà mú ni wọ́n ti ń kùnà, kì í ṣe ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà káàdì rẹ̀ àti àwòrán ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀.

Ìdíwọ̀n

Máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ nílò àlàyé. Máàkì 4.6 nínú 5 kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun bí a kò bá mọ iye àwọn tó dáhùn àti ohun tí àwọn olùkọ́ yòókù ní ẹ̀ka kan náà gbà. Lẹ́tà ìdúpẹ́ dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àbọ̀ ẹlẹgbẹ́ tó jókòó wo ẹ̀kọ́ náà wúwo jù ú lọ.

Ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan

Ẹgbẹ́ Academy of Medical Educators, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún olùkọ́ ìṣègùn, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà yóò kó ẹ̀rí jọ ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀.