Bí ìwé ìtàn àti ewì ṣe ń gbé ojú ọjọ́ tó ń yí padà

Ká sòótọ́, ojú ọjọ́ tó ń yí padà yìí ò rọrùn láti fi ṣe ìtàn. Kò sí ọ̀tá kan pàtó téèyàn lè nawọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá sì ní ayé máa fi dígírì kan àtààbọ̀ gbóná sí i, ta ni yẹn máa já láyà? Ohun tí òǹkọ̀wé wá máa ń ṣe ni pé ó máa mú un wá sára ẹnì kan, nínú ilé kan, lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo Niyi Osundare, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dún 1986 tó gbé ìwé ewì The Eye of the Earth jáde, ọ̀rọ̀ climate change ò tíì wọ ẹnu aráàlú o. Nínú ewì tó fi ń bẹ òjò, ó ní eéwo ìrora wà lára ojú ọ̀run, kó yáa tú. Ẹni tí eéwo ti mú rí mọ bó ṣe máa ń sọ, tí awọ máa fà, tí oorun ò ní kun èèyàn, torí náà kò tún sí pé à ń ṣàlàyé ọ̀dá fún un, ara ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó tún ń dárúkọ nǹkan, ìrókò, òkè Olósùnta, kì í ṣe "igbó" lásán, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an torí ohun tó lórúkọ la máa ń wá tá ò bá rí i mọ́. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans lọ́dún 2005, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ni ní yunifásítì, omi wọlé débi pé inú àjà lòun àtìyàwó ẹ̀ sá sí, omi sì ba ìwé àtàwọn iṣẹ́ tó ti kọ sílẹ̀ jẹ́. Ọdún 2011 ni City Without People, ìwé ewì tó fi sọ ọ́, tó jáde. Ewì kì í yára bí ìròyìn.

Àwọn tó ń kọ ìtàn gígùn ní tiwọn máa ń sún ọdún síwájú, àmọ́ wọn kì í sún un jù. Octavia Butler, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé Parable of the Sower ní 1993, ó ní tó bá fi máa di 2024, omi á wọ́n ju epo mọ́tò lọ ní California. Kim Stanley Robinson, ará Amẹ́ríkà bíi tiẹ̀, fi ìlú kan ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ìwé The Ministry for the Future tó gbé jáde lọ́dún 2020: ooru mú débi pé àwọn èèyàn kó sínú adágún lálẹ́, omi ọ̀hún náà gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó yè é. Ibi tọ́pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró sí nìyẹn, ẹ̀rù á ba òǹkàwé, á pa ìwé dé. Robinson ò dúró, ó kó wa lọ sí mítìn-ín àwọn ọ̀gá báńkì, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá kí wọ́n máa sanwó fẹ́ni tó bá fi epo ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, torí epo tá à ń jó wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Mítìn-ín ọ̀hún gùn, ó lè súni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.