Igi wo ló yẹ fún ara gìtá béèsì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Wọ́n ní béèsì tí wọ́n fi igi alder ṣe máa ń ní ohùn tó ki, tí ti ash á sì máa dún gooro. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ibẹ̀ kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí. Pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn lára gìtá, mágínẹ́ẹ̀tì ni, kì í gbọ́ igi. Okùn onírin tó ń gbọ̀n lókè rẹ̀ ló ń mọ̀ lára. Igi lè fa díẹ̀ mu nínú agbára okùn náà, ìyẹn sì lè kan bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ okùn tó ti gbó, kí ẹ fi tuntun sí i, tàbí kí ẹ sún ọwọ́ tí ẹ fi ń ta á mọ́ bridge díẹ̀, ìyẹn irin tí ìdí okùn so mọ́ lára gìtá. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ju èyí tó wà láàárín pákó méjì lọ fíìfíì. Láàárín ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ned Steinberger, ẹni tó ń ṣe gìtá, gbé béèsì kan jáde tí kò ní igi lára rárá, carbon fiber àti resin, ìyẹn oríṣi ike líle kan, ni. Béèsì náà dún bíi béèsì, àwọn olórin sì rà á.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí Fender, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, fi yan ash àti alder?

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó àti ohun tó wà nítòsí náà wà níbẹ̀. Ash ni wọ́n fi ṣe béèsì wọn tó ń jẹ́ Precision Bass nígbà tó jáde lọ́dún 1951. Ní nǹkan bí ọdún 1956, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù bọ́ sórí alder, wọ́n wá fi ash sílẹ̀ fún àwọ̀ blonde tí ìlà inú igi ti máa ń hàn. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara ash. Ẹ gbọ́dọ̀ fi èròjà ìdíhò (grain filler) dí i, kí ẹ fá a dán, kí ẹ tún dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á rì wọnú ihò náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ara alder dí, ọ̀dà ń jókòó lé e láìsí wàhálà. Mahogany ni Gibson ń lò ní tiwọn, maple sì ni Rickenbacker. Nígbà tó di ọdún 2020, Fender fúnra wọn kéde pé ash kò ní sí lára ọ̀pọ̀ gìtá wọn mọ́, nítorí omíyalé àti kòkòrò tó ń pa igi náà.

Ìbéèrè: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìwúwo. Ara yín ló máa gbé e fún wákàtí mẹ́ta, kì í ṣe etí yín.

Ẹ ṣe é báyìí. Ká ní pákó yín gùn ní sẹ̀ǹtímítà 51, ó fẹ̀ ní 36, ó sì nípọn ní 4.5. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìsọdipúpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in: ó tó lítà 8.3. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n; ká ní ó jẹ́ kìlò 4.1. Ẹ fi 8.3 pín 4.1, ẹ ó rí nǹkan bíi 0.49, ìyẹn kìlò tó wà nínú lítà kan. Ara béèsì tí wọ́n ti gé, tí wọ́n sì ti gbẹ́ ihò rẹ̀ tán, máa ń wà ní nǹkan bíi lítà 4.5. Nítorí náà ara yìí máa wọn nǹkan bíi kìlò 2.2. Ẹ fi nǹkan bíi kìlò 2 kún un fún ọrùn àti irin rẹ̀ gbogbo. Béèsì kìlò 4.2 lẹ ní lọ́wọ́ yẹn, ó dára.

Lọ́nà kan náà, alder máa ń wà ní nǹkan bíi 0.45, ọ̀gànwó 0.53, ìrókò 0.66, maple líle 0.7, bubinga sì lè tó 0.89. Béèsì tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ bubinga lè wọn kìlò 6. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀ lè fi pẹlẹbẹ rẹ̀ tó nípọn ní mìlímítà 6 bo orí igi tó fúyẹ́. Pákó méjì láti ara igi kan náà lè yàtọ̀ síra, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ igi. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Mo lo igi tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n orí gìtá ń fà wálẹ̀ ṣáá.

Ara béèsì fúyẹ́ débi tí kò lè gbé orí dúró. Ẹ má tíì fi òjé kún ara. Ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì tí bẹ́líìtì ń kọ́ sí lórí ìwo òkè: ó yẹ kó wà ní ọ̀gangan fret kejìlá tàbí súnmọ́ ọn (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni fret). Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ àwọn ìyípo okùn, ìyẹn irin orí gìtá tí ẹ fi ń fún okùn le, sí èyí tó fúyẹ́. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi gíráàmù 40 dín kù, gíráàmù 160 ti kúrò níbi tó jìnnà jù lọ sí ara yín, ibẹ̀ gan-an ni ìwúwo ti ń ṣe ọṣẹ́ jù.

Ìbéèrè: Ẹni tó ta pákó fún mi ní ó ti gbẹ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Kí ẹ tó gé pákó náà kúrú, ẹ gé ègé tín-ín-rín kan láti inú rẹ̀, ó kéré tán ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí orí tàbí ìdí rẹ̀, nítorí pé orí àti ìdí pákó máa ń gbẹ ṣáájú àárín. Ẹ wọ̀n ọ́n: ká ní gíráàmù 62. Ẹ kó o sínú ààrò oníná tó wà ní 103°C, kí ẹ máa yọ ọ́ wọ̀n ní wákàtí mélòó kan síra, títí tí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Tó bá dúró sí 55, gíráàmù 7 lomi tó jáde. 7 nínú 55 jẹ́ ìdá 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tíì tó. Ìdá 6 sí 8 ni àwọn tó ń ṣe gìtá ń wá, títí dé 10 níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Tí ẹ bá kánjú, pákó á máa súnkì lẹ́yìn tí ẹ ti kùn ún. Ojú ìlà gọ́ọ̀mù á wú síta, ihò tí ọrùn wọ̀ á há mọ́ ọn, ọ̀dà ibẹ̀ á sì la. Ẹ fá ojú méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fá a dé ìwọ̀n ìkẹyìn. Ojú kan ṣoṣo tí ẹ bá fá ni pákó á tẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Àwọn igi Áfíríkà ńkọ́?

Ọ̀gànwó ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, afárá tẹ̀ lé e: wọn kò wúwo jù, sìkúrúù ń dì wọ́n mú, gọ́ọ̀mù sì ń mú wọn dáadáa. Arère fúyẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Èékánná lásán á sàmì sí i. Okùn mẹ́rin ń fa bridge pẹ̀lú agbára tó lé ní kìlò 70, torí náà, lára arère, ẹ lu ihò sìkúrúù oní-mìlímítà 3.5 ní mìlímítà 2 péré, ẹ kán súpà gúlù sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dè é. Ìrókò wúwo, ó sì máa ń ní òkúta nínú, èyí tó ń ba ẹnu ayùn jẹ́ lójijì. Ẹ̀bu ìrókò àti ti arère ń fa ikọ́ àti ara yíyún, ẹlòmíì á ní ikọ́ fée. Ẹ má fá a láìbo imú.

Bubinga wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń ṣọ̀wọ́n, láti oṣù kìíní ọdún 2017, ọ̀gànwó àti igi apá láti oṣù kejì ọdún 2023. Pákó wọn tó bá máa kọjá ààlà orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní ìwé.

Ìbéèrè: Ṣé pákó kan ṣoṣo dára ju méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lọ?

Rárá, tí ojú méjèèjì tí wọ́n lẹ̀ bá bára mu. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lé ara wọn kí ẹ wò ó síhà iná: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ padà sídìí ìfági. Kíláǹpù kò lè tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ohùn kan ń kú lójú ẹsẹ̀ lórí okùn G, ní fret karùn-ún sí ìkeje. Ṣé igi ara ni?

Ọrùn ni, ó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ohùn yẹn, ó sì ń gba agbára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé orí gìtá, kí ẹ fi kíláǹpù kékeré mú un, kí ẹ tún ta á. Ohùn tó ń kú á sún lọ sí fret míì.